Níbo ni iná wà? Àlàyé lórí bí àwọn oníṣẹ́-ọnà ṣe ń fi gíláàsì dárà

Ó ṣeé ṣe kí irú fídíò yìí ti dé orí fóònù yín rí. Ọkùnrin kan ki ọ̀pá irin gígùn bọ inú iná, ó yí i, ó fà á jáde, nǹkan pupa kan tó ń fà bí oyin sì rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀pá náà. Ó jókòó, ó ń yí ọ̀pá síwá-sẹ́yìn, ó fẹnu fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan náà wú. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti di ìkòkò òdòdó aláwọ̀ aró tó ń dán yinrin. Ibẹ̀ ni fídíò máa ń parí sí, ibẹ̀ náà sì ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé rọ́bà ni àbí gíláàsì? Ẹnu rẹ̀ kò jóná ni? Kí ló dé tí àwọn mìíràn kì í fẹ́ ohunkóhun, tó jẹ́ pé ègé gíláàsì ni wọ́n ń tò sórí tábìlì, tí àwọn náà sì ń jẹ́ oníṣẹ́ gíláàsì?

Ọ̀rọ̀ náà rú èmi náà lójú fún ìgbà pípẹ́, torí orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn iṣẹ́ yìí pọ̀ ju ohun tí orí lè gbà lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá tú u fún mi: níbo ni iná wà? Ẹni tó bá mọ ibi tí iná wà nínú iṣẹ́ gíláàsì kan, àti bó ṣe le tó, ti mọ ohun tó pọ̀ jù nípa bí wọ́n ṣe ṣe é.

Kí ni gíláàsì gan-an?

Yanrìn ni. Èyí tó funfun tó sì mọ́ ni wọ́n ń wá, nítorí bí irin bá wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, gíláàsì náà á ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n yanrìn nìkan kò ṣeé yọ́ bọ̀rọ̀. Ooru tó tó nǹkan bí 1,700°C ló ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ omi tó ń hó yaya kò ju 100°C lọ. Àwọn ará àtijọ́ kò ní iná tó le tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá wá ohun tí yóò mú yanrìn tètè yọ́. Wọ́n rí i nínú iyọ̀ ilẹ̀ kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí kán-ún, àti nínú eérú àwọn ewéko kan. Àléébù kan wà níbẹ̀ o: gíláàsì tí a fi yanrìn àti kán-ún nìkan ṣe, omi ló máa ń yọ́ ọ. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi kún un kó lè fara da omi. Yanrìn, ohun tó ń yọ́ ọ, ohun tó ń mú un le: ohun tó wà nínú ìgò àti nínú fèrèsé nìyẹn, òun náà ló sì wà nínú ìléru ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-ọnà.

Ohun kan wà tó ya gíláàsì sọ́tọ̀, tí iṣẹ́-ọnà yìí ì bá má ṣeé ṣe láìsí i. Yìnyín ní ààlà tirẹ̀: bó bá kọjá ibẹ̀, omi ni. Gíláàsì kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń gbóná sí i ló ń rọ̀ sí i, láti orí òkúta dé orí ìyẹ̀fun pípò, láti ibẹ̀ dé orí oyin. Bó bá ń tutù, ọ̀nà kan náà ló ń gbà padà. Àárín òkúta àti oyin yẹn ni gbogbo oníṣẹ́ gíláàsì ti ń jẹun. Kálukú kàn mọ ibi tó máa ń dúró sí lójú ọ̀nà náà ni.

Ẹ jẹ́ ká tètè pa irọ́ kan. Wọ́n máa ń sọ pé gíláàsì ṣì ń ṣàn jẹ́jẹ́, pé ìdí nìyẹn tí fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù fi nípọn nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì pẹlẹbẹ nígbà náà kò jẹ́ kó nípọn dọ́gba, ẹni tó sì ń tò ó lè fi ibi tó nípọn sísàlẹ̀. Gíláàsì tó ti tutù kò lọ síbì kan.

Ṣé oníṣẹ́-ọnà ló ń se gíláàsì fúnra rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe é. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn sọ yanrìn di gíláàsì, ọ̀tọ̀ ni kó mú gíláàsì tó ti wà kó fi ṣe nǹkan. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ kọ́ ló máa ń wa irin nílẹ̀. Láti àtijọ́ ni wọ́n ti ń gbé òkìtì gíláàsì tútù kọjá òkun fún àwọn tí yóò tún un yọ́.

Ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n hú jáde ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, fi ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Abidemi Babalola àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ilẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 àti 2012, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì náà wò, èròjà rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù mu, kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń ti orí yanrìn se gíláàsì tiwọn láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ṣáájú ìyẹn, èrò ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni pé gíláàsì tó ti òkè òkun wá ni wọ́n ń tún yọ́ níbẹ̀.

Kí ní ń ṣẹlẹ̀ nínú ìléru?

Iṣẹ́ inú fídíò nìyí: fífẹ́ gíláàsì. Ìléru náà máa ń wà ní nǹkan bí 1,100°C tọ̀sán-tòru. Wọn kì í ṣàdédé pa á, torí bí gíláàsì bá dì sínú ìkòkò rẹ̀, ìkòkò lè sán. Owó gáàsì nìkan ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Oníṣẹ́ á ki ọ̀pá irin oníhò bọ inú gíláàsì tó ti yọ́, á yí i bí ẹni ń fi ṣíbí yí oyin, á sì bù ú jáde. Á yí i lórí tábìlì irin kí ara rẹ̀ lè tutù díẹ̀ kó sì gún. Lẹ́yìn náà ló máa fẹ́ ẹ. Ohun tí fídíò kì í fi hàn dáadáa ni pé èémí díẹ̀ ló ń lò. Á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, á fi àtàǹpàkò dí ẹnu ọ̀pá kíá. Atẹ́gùn tó há sínú ọ̀pá á gbóná, ara rẹ̀ á fẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì wú gíláàsì náà. Ẹnu rẹ̀ kò sì jóná, torí ọ̀pá náà gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún, ooru inú iná kì í sì í tètè rin irin débi tí ẹnu wà. Òfin kan ṣoṣo ni pé kò gbọdọ̀ fa èémí sínú láti ẹnu ọ̀pá náà.

Láti ìgbà tí gíláàsì bá ti wà lórí ọ̀pá, ọwọ́ kò gbọdọ̀ dáwọ́ yíyí dúró. Bó bá dúró, gíláàsì á rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ìgbà tí oyin ń kán láti orí ṣíbí. Ohun èlò wọn kò pọ̀: ẹ̀mú irin ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń fún ọrùn rẹ̀, ìgbákọ igi tí wọ́n rẹ sómi, àti èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, ìwé ìròyìn. Wọ́n á ká ìwé ìròyìn ní ìpele púpọ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e sábẹ́ gíláàsì tó gbóná tó 900°C. Ooru omi tó ń rú jáde ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ kan iná. Inú àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ì bá dùn ká ní wọ́n mọ̀.

Bí ìsàlẹ̀ bá ti gún, ẹnu rẹ̀ ló kù, ẹnu yẹn sì wà lára ọ̀pá. Olùrànlọ́wọ́ á gbé ọ̀pá kejì wá tí ègé gíláàsì gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ohun náà. Wọ́n á kán ọ̀pá àkọ́kọ́ kúrò. Ẹnu ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn, ó ṣeé tẹ̀, ó ṣeé fẹ̀, ó ṣeé gé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí. Ẹ rántí ọ̀pá kejì yìí, a ó padà sórí rẹ̀.

Ọgbọ́n fífẹ́ yìí kò dàgbà tó gíláàsì fúnra rẹ̀. Ní Íjíbítì, ní nǹkan bí 1500 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ń fi gíláàsì gbígbóná bo amọ̀ tí wọ́n mọ sórí ọ̀pá, bó bá tutù wọ́n á gbẹ́ amọ̀ náà jáde. Iṣẹ́ tó ń pẹ́ ni, ìgò kékeré kan sì jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ọlọ́lá. Ní ọ̀rúndún tó ṣáájú ìbí Jésù ni àwọn ará agbègbè Síríà àti Palẹ́sítínì rí i pé atẹ́gùn lè ṣe iṣẹ́ amọ̀. Láàárín ìran díẹ̀, ife gíláàsì ti di ohun tí ará Róòmù lásán ń lò.

Venice, ìlú kan ní Itálì, ló wá sọ ọ́ di idán. Ní 1291, ìjọba ìlú náà pàṣẹ kí gbogbo ìléru gíláàsì kó lọ sí erékùṣù Murano, torí ìbẹ̀rù pé iná lè jó ìlú tí igi pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ó tún mú kó rọrùn láti ṣọ́ àwọn oníṣẹ́ náà, torí òfin kò jẹ́ kí wọ́n gbé àṣírí iṣẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n wọn ni fífa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ mú gíláàsì funfun tí ẹ fi èyí tó mọ́ gaara bò. Ẹni méjì di ìpẹ̀kun rẹ̀ mú, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn títí yóò fi di ọ̀pá tín-ín-rín tó gùn jànràn-jànràn. Àwòrán tó wà láàárín rẹ̀ kì í bàjẹ́, ó kàn ń kéré sí i ni. Bí àwòrán náà bá jẹ́ òdòdó, gbogbo ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀pá náà ni ẹ ó ti rí òdòdó. Tí wọ́n bá to ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ègé bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n ń pè é ní millefiori, ìyẹn "ẹgbẹ̀rún òdòdó" ní èdè Itálì. Nígbà tí Lino Tagliapietra, oníṣẹ́ gíláàsì tí wọ́n bí sí Murano ní 1934, lọ kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọgbọ́n wọ̀nyí ní 1979, inú gbogbo ará ilé kọ́ ló dùn sí i.

Kí ló dé tí wọ́n tún ń gbé e sínú ààrò lẹ́yìn tó ti parí?

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ má gbàgbé ibí yìí. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ gíláàsì ni kó tutù.

Bí gíláàsì gbígbóná bá wà ní gbangba, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ tutù, á sún kì, á sì le. Inú rẹ̀ ṣì gbóná. Nígbà tí inú náà bá wá fẹ́ sún kì, ara tó ti le kò ní gbà fún un. Ìfàkáfà yẹn á há sínú rẹ̀. Ojú kò ní rí i, ṣùgbọ́n ó lè sán lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, wọ́n á gbé e sínú ààrò tó wà ní nǹkan bí 500°C, ibi tí gíláàsì ti le tó láti dúró ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣì lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á fi í síbẹ̀ kó fara balẹ̀, kí tinú-tòde rẹ̀ gbóná dọ́gba, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa dín ooru kù díẹ̀díẹ̀. Ife kékeré lè lo òru kan. Bó bá ṣe nípọn tó ni ìdúró rẹ̀ ṣe ń gùn tó, kì í sì í ṣe ìlọ́po méjì fún ìlọ́po méjì. Ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ kan tí kì í ṣe ti oníṣẹ́-ọnà fi èyí hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 1934, ní ìlú Corning ní Amẹ́ríkà, wọ́n da gíláàsì kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ínǹṣì 200 fún ẹ̀rọ awòràwọ̀ tó wà lórí òkè Palomar. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ti ìkejì ni wọ́n lò, nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni wọ́n sì fi mú un tutù.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ti fi ìfàkáfà yìí ṣeré. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀kán gíláàsì gbígbóná kan ṣubú sínú omi tútù, á dì bí ọmọ àkèré tó ní ìrù gígùn. Ẹ lè fi òòlù lu orí rẹ̀ kó má fọ́. Ẹ ṣẹ́ ìrù rẹ̀ pẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ á di ìyẹ̀fun lójú kan náà. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ ọba kan, Prince Rupert, pè é.

Àwọn tí kì í fẹ́ ohunkóhun ńkọ́?

Inú ààrò ni iná tiwọn wà. Gíláàsì tútù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: pẹlẹbẹ, ọ̀pá tín-ín-rín, èérún, tàbí lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n á tò ó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, iná á ṣe èyí tó kù.

Ibi tí wọ́n bá fi ooru dé ló ń sọ ohun tí yóò jáde. Bó bá dé nǹkan bí 650°C, gíláàsì pẹlẹbẹ á rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ sínú àwo tí wọ́n gbé e lé. Bó bá dé nǹkan bí 800°C, àwọn ègé tó wà lórí ara wọn á yọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Láàárín méjèèjì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra ṣùgbọ́n ojú á ṣì mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ìṣòro ńlá tí wọ́n ní nígbà kan ni pé gíláàsì aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ aró kì í sún kì ní ìwọ̀n kan náà. Ó dà bí ẹni méjì tí wọ́n so ẹsẹ̀ wọn pọ̀, tí ọ̀kan ń sáré tí èkejì ń rìn gbẹ̀rẹ́. Wọ́n á jáde nínú ààrò pọ̀ dáadáa, wọ́n á sì ya lára ara wọn nígbà tó bá yá. Klaus Moje, ọmọ Jámánì tó kọ́ iṣẹ́ gígé gíláàsì lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, fẹ́ fi ọ̀pá gíláàsì aláràbarà ṣe ohun tó dà bí aṣọ híhun. Ní 1979 ó pàdé àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ Bullseye ní Amẹ́ríkà, àwọn ló sì wá ṣe oríṣiríṣi àwọ̀ tó ń sún kì lọ́gbọọgba. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ra gíláàsì fún ààrò, nọ́ńbà ìsúnkì ni yóò kọ́kọ́ bèèrè kó tó béèrè àwọ̀.

Dídà náà wà. Bí àwọn tó ń dà idẹ ṣe ń fi ìda oyin mọ ère, tí wọ́n ń fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n ń yọ́ ìda náà dànù kí idẹ lè gba ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú gíláàsì, àyàfi pé ẹfun tí ń dì ni wọ́n sábà ń fi bò ó dípò amọ̀. Àwọn tó gbé èyí débi tó ga jù, lójú tèmi, ni tọkọtaya ará Czech, Stanislav Libenský àti Jaroslava Brychtová, tí iṣẹ́ wọn di mímọ̀ fáyé níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels ní 1958. Gíláàsì ràgàjì tí àwọ̀ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà ń dà. Ibi tó bá tín-ín-rín, ìmọ́lẹ̀ á gbà á kọjá, á mọ́lẹ̀; ibi tó bá nípọn, á ṣókùnkùn. Orí kan lè hàn sí yín láàárín rẹ̀ bí ẹni wà nínú omi, kí ẹ sì wá lọ sẹ́yìn kí ẹ rí i pé ihò ni wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn gíláàsì náà. Wọ́n ń fi ìnípọn ya àwòrán bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ọ̀dà yà á.

Kí ni iṣẹ́ ojú iná?

Iná kékeré tó ń fẹ́ láti ẹnu páìpù gáàsì ni, orí tábìlì ló sì wà. Oníṣẹ́ á di ọ̀pá gíláàsì mú lọ́wọ́ méjèèjì, á mú un sójú iná, á sì máa fà á, máa tẹ̀ ẹ́, máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Látijọ́, iná àtùpà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ewìrì sí, ìdí nìyí tí àwọn kan ṣì fi ń pè é ní iṣẹ́ àtùpà. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti páìpù gíláàsì tó ń lọ́ kiri nínú yàrá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Bí ẹnì kan bá ní ohun kékeré ni wọ́n ń fi í ṣe, ẹ darí rẹ̀ sí yunifásítì Harvard. Leopold Blaschka àti ọmọ rẹ̀ Rudolf, tí wọ́n ń gbé nítòsí Dresden ní Jámánì, fi gíláàsì ṣe ewéko fún wọn láti 1887 títí di 1936. Baba kú ní 1895, ọmọ dá a ṣe fún ogójì ọdún ó lé lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ lé ní 4,000, láti orí ewéko tó fẹjú dé orí inú òdòdó tí wọ́n sọ di ńlá kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i. Ó wà níbẹ̀ èso tó ti ń rà. Gíláàsì ni.

Ṣé ó ṣeé ṣe láìsí iná?

Ó ṣeé ṣe. Gígé, gbígbẹ́, fífín, fífi yanrìn tàbí ásíìdì jẹ ara rẹ̀: gbogbo èyí ni wọ́n ń ṣe nígbà tó bá ti tutù. Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni ìkòkò Portland tí àwọn ará Róòmù ṣe ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Gíláàsì aláwọ̀ aró ni wọ́n fi funfun bò. Ẹni tó gbẹ́ ẹ wá ń ha funfun náà kúrò, ó fi èyí tó fẹ́ sílẹ̀ kó dúró bí èèyàn àti igi. Ibi tó bá ha gan-an ni aró ti ń yọ láti abẹ́ rẹ̀ bí òjìji. Ní 1845, ọkùnrin kan wọlé síbẹ̀, ó sì fọ́ ọ yángá. Wọ́n ti tò ó padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Fèrèsé aláràbarà inú ṣọ́ọ̀ṣì wà lágbo yìí náà, ṣùgbọ́n ó ní àṣìlóye tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Nínú ìléru ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọ̀ náà ti wọ inú gíláàsì. Oníṣẹ́ á gé e ní ègé, á fi òjé tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì há a mọ́ra, bí ẹni fi okùn so ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ni ojú, ìka ọwọ́ àti ìṣẹ́po aṣọ: dúdú tàbí ilẹ̀pa, tí wọ́n á tún sun nínú ààrò. Láti nǹkan bí 1300 ni wọ́n tún ti rí i pé èròjà fàdákà, bí wọ́n bá kùn ún tí wọ́n sì sun ún, á sọ gíláàsì funfun di pupa rúsúrúsú bíi wúrà. Ní Sainte-Chapelle ní Paris, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1248, irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà, àwòrán inú wọn sì jẹ́ 1,113.

Níbo ni àwọ̀ ti ń wá?

Láti inú irin àti àwọn ẹbí rẹ̀. Kọ́báàlù díẹ̀ á sọ gíláàsì di aró, bàbà lè sọ ọ́ di ewé tàbí pupa, máńgánísì á sọ ọ́ di àlùkò. Èyí tó pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀, wúrà ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wúrà náà kéré débi pé ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀. Ife kan wà ní British Museum tí àwọn ará Róòmù ṣe ní ọ̀rúndún kẹrin, tí wọ́n ń pè ní ife Lycurgus. Bí iná bá wà níwájú rẹ̀, ewé ni. Bí ẹ bá gbé iná sínú rẹ̀, pupa ni. Wúrà àti fàdákà tó kúnná ju lẹ́búlẹ́bú lọ ló ń ṣe é.

Ta ló ni iṣẹ́ náà gan-an?

Títí di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ayàwòrán a máa ya ohun tó fẹ́ sórí ìwé, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá á sì fẹ́ ẹ. Harvey Littleton, olùkọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní Amẹ́ríkà, rò pé ó yẹ kí ẹnì kan lè dá a ṣe nínú yàrá tirẹ̀. Ní oṣù kẹta 1962, ó kó àwọn èèyàn jọ sínú ilé ìgbọ́kọ̀sí kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Toledo. Gíláàsì tí wọ́n kọ́kọ́ sè kò jinná. Dominick Labino, onímọ̀ gíláàsì, ló bá wọn tún ìléru ṣe tó sì fún wọn ní gíláàsì tó rọrùn láti yọ́. Ibẹ̀ ni ìléru kékeré ti tàn ká àgbáyé.

Dale Chihuly, oníṣẹ́ gíláàsì ará Amẹ́ríkà tó lókìkí, kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Littleton, ó sì lọ wo bí àwọn ará Murano ṣe ń ṣiṣẹ́ ní agbo. Jàǹbá ọkọ̀ gba ojú òsì rẹ̀ ní 1976. Ní 1979, èjìká rẹ̀ yẹ̀, ó sì fi ọ̀pá sílẹ̀. Láti ìgbà náà, òun ló ń yàwòrán tó sì ń darí, àwọn ẹlòmíràn ló ń fẹ́ ẹ. Àwọn kan ní ìwà ìrẹ́nijẹ nìyẹn. Èmi kò gbà. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé ìdajì ohun tó wà nínú fìtílà àgbékọ́ rẹ̀. Ibi tí mo ti ń kùn ni ibi tí orúkọ ẹni tó ronú iṣẹ́ ti pòórá: fún ọ̀pọ̀ ọdún, Louis Comfort Tiffany, tó ni ilé-iṣẹ́ gíláàsì ní Amẹ́ríkà, ni gbogbo ayé ń yìn fún fìtílà olódòdó rẹ̀, kó tó hàn nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n rí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé obìnrin kan, Clara Driscoll, ló ya púpọ̀ nínú wọn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe èyí tó wà níwájú mi?

Ẹ dojú rẹ̀ dé. Ṣé ẹ rántí ọ̀pá kejì? Ibi tó ti kán kúrò ní ìdí máa ń fi àpá róbótó sílẹ̀, tàbí ojú tí wọ́n ti lọ̀ tó sì ń dán. Fífẹ́ nìyẹn. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú móòdù, ìyẹn ohun tó ń fún gíláàsì ní ìrísí, ló ti kọjá. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá le gbandi tí kò dán tó iwájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí pẹpẹ ààrò ló sùn sí. Afẹ́fẹ́ róbótó kéékèèké tó há sínú rẹ̀ kò fi dandan jẹ́ àbùkù, torí ó wọ́pọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi èérún dà. Ẹ ṣọ́ra fún ìlà móòdù yẹn o: wọ́n máa ń fẹnu fẹ́ gíláàsì sínú móòdù pẹ̀lú, nítorí náà ìlà nìkan kò tó láti fi pe ẹni tó ń tà á ní òpùrọ́.